Kọ̀ǹpútà Tí A Pààrọ̀ Lẹ́yìn Dúrótìmí

Dúrótìmí Ajíbádé kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń kọ ìwé nípa rẹ̀. Kò lówó, kò joyè, kò sì lẹ́wà. Tíṣà ni bàbá rẹ̀ ní ilé ìwé àwọn Áńgílíkà, ó sì kú kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tó jáde. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kò ju ìwé kíkà àti ìwà pẹ̀lẹ́ lọ. Ìwé kíkà ló gbé e dé ibi iṣẹ́, ìwà pẹ̀lẹ́ ló sì pa á lára níbẹ̀. Ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, nítorí ó ṣojú mi, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1998, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀fà ni èmi àti ẹ̀ jọ ń bá ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mo ṣì ń jẹun níbẹ̀. Èmi wà ní sítọ́ọ̀, níbi tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ́fíìsì wà, òun wà ní yàrá kọ̀ǹpútà, kázúà sì ni àwa méjèèjì. Kázúà ni ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú láìní lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́. Wọ́n lè lé e ní àárọ̀, kó má sì rí ẹni tí yóò bi léèrè ìdí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ọdún mẹ́fà ni Dúrótìmí fi wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí fún un. Ọmọbìnrin kan wà ní Ẹ̀rìn-Ilé tí ń jẹ́ Àdìkẹ́, ó ti ń dúró dè é láti ọdún mẹ́ta. Ẹ mọ̀ bí Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé ṣe ti ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá Àdìkẹ́ ní bí òun bá tiẹ̀ gbójú fo ti pé ọmọ Ọ̀fà ni, òun ò lè gbójú fo ti pé kò níṣẹ́ gidi. Ó ní kí ó mú lẹ́tà wá kí ọdún tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti wá kí àwọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún yẹn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ra kọ̀ǹpútà ńlá kan, wọ́n gbé e sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Inú rẹ̀ ni fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Ètò tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì ni òun ń lò, Wíndòsì ni àwọn kékeré inú ọ́fíìsì ń lò, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn. Ohun tí Alhaji Adétóyè, Rẹ́jísírà wa, ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, fẹ́ ni pé kí òun jókòó sí ọ́fíìsì òun, kí iṣẹ́ tí ti ẹ̀yìn ń ṣe máa hàn lójú kọ̀ǹpútà tòun. Ó ní òun ò lè máa rìn lọ sẹ́yìn ilé ìkàwé bíi mẹ́sẹ́ńjà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Dúrótìmí fi bá iṣẹ́ náà jà. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tí ó hàn rárá. Ó wá rí i pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí ilé ṣe ń ní nọ́ńbà, àti pé ó gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà ibi tí iṣẹ́ náà ń lọ fún ti ẹ̀yìn. Ó sọ ọ́, kọ̀ǹpútà Alhaji ní òun ò gba àlejò. Ó wá inú ìwé títí ó fi rí bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Àlejò wọlé, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di àpótí kéékèèké, nítorí irú ìkọ̀wé tí Yúníìsì ń lò kò sí lọ́dọ̀ Wíndòsì. Ó tún ìyẹn náà ṣe. Iná á lọ, iná á dé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà Alhaji. Alhaji kò kí i kú iṣẹ́. Ó ní ní Fúráìdeè, aago mẹ́wàá, kí ó gbé orúkọ àwọn kázúà tí wọ́n fẹ́ fún ní lẹ́tà wá sójú kọ̀ǹpútà òun, kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi kún un pé orúkọ Dúrótìmí wà nínú wọn, bí iṣẹ́ yìí bá dára. Dúrótìmí jáde, ojú rẹ̀ ń dán. Inú mi ò dùn, kí n má purọ́. Ràfátù, akọ̀wé Alhaji, ti sọ fún mi pé orúkọ tèmi kò sí níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, Alhaji yà sí ọ́fíìsì Bọ́sà, ẹni tí ń ṣọ́ owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì rí i pé ojú kọ̀ǹpútà Bọ́sà tóbi ju tòun lọ. Níbi iṣẹ́ wa, nǹkan ńlá nìyẹn. Ipò la fi ń pín àga, ipò la fi ń pín fáànù. Ẹni ìsàlẹ̀ kì í lo èyí tí ó tóbi ju ti ọ̀gá. Ó ní kí èmi àti Ràfátù gbé ti Bọ́sà wá fún òun, kí a gbé tòun fún Bọ́sà, àti àpótí kọ̀ǹpútà àti ojú rẹ̀. Dúrótìmí ti lọ sílé. Mo ní ṣé kí a dúró dè é di àárọ̀, sà. Alhaji bi mí pé ṣé kọ̀ǹpútà Dúrótìmí ni. A gbé e.

Inú àpótí ni nọ́ńbà tí Dúrótìmí ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wà, kò sí lára ògiri; ibi tí a bá gbé àpótí lọ ló ń bá a lọ. Mi ò mọ èyí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún Dúrótìmí. Ní àárọ̀ Fúráìdeè mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun. Ó kí mi, mo dá a lóhùn, mo kọjá.

Ní aago mẹ́wàá, ó fi orúkọ ránṣẹ́ láti yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi fóònù inú ọgbà bi Alhaji bóyá ó ti hàn. Alhaji ní òun ò rí nǹkan kan. Kázúà kì í wọ ọ́fíìsì Rẹ́jísírà láìjẹ́ pé wọ́n pè é, nítorí náà kò lè wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó rò pé ilẹ̀kùn ni kò ṣí. Ó ṣí i gbayawu, ó tún fi í ránṣẹ́. Alhaji ní kò sí. Ó rò pé ìkọ̀wé ni. Ó mú ọ̀rọ̀ náà tóbi, ó mú un dúdú, ó tún fi í ránṣẹ́. Alhaji ní ṣé ó ń fi òun ṣeré ni.

Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kọ̀ǹpútà Bọ́sà ni ó ń yọ sí, níwájú òṣìṣẹ́ bí ogún tí wọ́n wá gba fọ́ọ̀mù owó ìsinmi. Nígbà àkọ́kọ́, ẹni méjì ló tẹjú mọ́ ọn. Nígbà kẹta, ẹni tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ń kà á sókè. Orúkọ mọ́kànlá ni, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan wá sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Alhaji nìkan mú méje wá, mẹ́ta nínú wọn kò tíì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa rí. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ Dúrótìmí nìkan ló ṣófo. Kí aago méjìlá tó lù, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà.

Wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Irọ́ ni. Nílé iṣẹ́ tiwa, kázúà ní í bá a rù ú. Ní Mọ́ńdè wọ́n gbé Dúrótìmí síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní ó jí ìwé àṣírí, ó sì tú u fáyé rí. Ó ti wo àpótí tó wà lọ́dọ̀ Bọ́sà nígbà yẹn, ó ti mọ̀. Ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Alhaji ní ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bọ́sà ní èyí tó wà níwájú òun ni òun ń lò láti ọjọ́ yìí. Ràfátù ń wo ilẹ̀. Dúrótìmí wá kọjú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ́fíìsì wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn."

Alhaji kò tilẹ̀ wò mí. Ó ń yẹ ìwé wò.

"Mi ò gbé nǹkan kan," ni mo wí.

Wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n Alhaji ní kò gbọdọ̀ lọ láìtún nǹkan tí ó bà jẹ́ ṣe, èmi sì ni wọ́n ní kí n dúró tì í kó má baà ṣe ìkà. Ó yí nọ́ńbà padà, ó ṣí ohun tó yẹ kó ṣí, orúkọ náà sì hàn lójú ńlá tuntun náà kedere. Ó ní, "Ó ti hàn, sà." Alhaji pa orúkọ Dúrótìmí rẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ orúkọ mi sí àyè náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

A jọ rìn dé géètì. Mo retí pé kó bú mi, ìbá tù mí lára. Ó ní kò sí ohun tí òun ń bẹ̀ mí ju ẹyọ kan lọ: kí n tẹ̀lé òun lọ sí Ẹ̀rìn-Ilé ní Sátidé, kí n kàn sọ fún bàbá Àdìkẹ́ pé òun kò jalè.

Mo ní mo níṣẹ́ ní Sátidé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé, òun náà sì mọ̀.