Àwọn Àárọ̀ Sátidé Tí Wọ́n Ti Géètì Mọ́ Bàbá Ṣọ́jà

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ lójú mi pé orí Bàbá Ṣọ́jà ò pé, èmi àti onítọ̀hún la ó jọ fà á. Mo sọ ọ́ níbi ìsìnkú wọn, mo tún ń sọ ọ́ báyìí. Àwọn kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà tí wọ́n ń fi áńkáṣíìfù nu ojú, tí wọ́n ń pè wọ́n ní bàbá rere, bàbá àwọn èwe. Mo kàn ń wò wọ́n ni. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n ti géètì mọ́ Bàbá Ṣọ́jà.

Ìkòsì ni àdúgbò wa wà, téèyàn bá gba ẹ̀yìn Kétu wọlé. Ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, tí àwọn bàbá wa ń so ó mọ́ ìgbànú, tí wọ́n á máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè kí ayé lè rí i. Bàbá Ṣọ́jà gba yàrá kan ní ilé tó kángun sí kànáàlì. Wọ́n ti ja ogun Bìáfrà. Ọta ìbọn ba orúnkún òsì wọn jẹ́, ẹsẹ̀ náà kì í ká mọ́, ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ tẹ̀lé ara wọn. Wọn ò níyàwó, wọn ò bímọ. Àwa ọmọ àdúgbò lọmọ wọn.

Ní gbogbo Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á fọn fèrè. Fíìì! Wọn kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù ló ń jáde. Wọ́n á bi wá bóyá òbí wa mọ̀ pé a jáde, a ó wá fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀yìn Mile 12 títí dé etí odò Ògùn. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi igi tútù dáná, bí wọ́n ṣe ń so okùn tí kò ní tú, bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe ń gun igi. Èmi, ọmọbìnrin! Màmá mi á ní, "Ta ló máa fẹ́ ẹ, ìwọ tó ń gungi bí ọ̀bọ?" Mà á ní, "Ẹni tóun náà mọ igi í gùn ni, Mummy." Sílípáàsì á sì fò lọ́wọ́ wọn, mà á ti sá. Òfin Bàbá Ṣọ́jà ò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kù sẹ́yìn.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí ọmọ alága já bọ́ lórí igi máńgòrò tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ni mò ń wí. Bàbá Ṣọ́jà pọ̀n ọ́n, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn náà, títí dé títì tí a ti rí mọ́tò tó gbé e lọ sọ́sìbítù. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa gbà á. Alága ò rí ìyẹn wí. Ìpàdé ló pè.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, àwọn onílé jókòó sórí àga ní àgbàlá alága. Bàbá mi wà láàárín wọn, torí bàbá mi ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ géètì tí a ṣe sẹ́nu àdúgbò nítorí olè. Bàbá Ṣọ́jà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ayálégbé ni wọ́n, kò sẹ́ni tó fún wọn lága. Àwa ọmọ ń yọjú lórí fẹ́ǹsì. Ọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹni tó ti pa èèyàn lójú ogun, kí ló ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Jàǹdùkú ló fẹ́ sọ wọ́n dà!" Àwọn yòókù ń mi orí.

Bàbá Ṣọ́jà ò dúró kí wọ́n fún wọn láyè.

"Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe lójú ogun? Nígbà tí orúnkún mi bàjẹ́, sàréè ni wọ́n ní kí n máa gbẹ́. Ọmọ ni mò ń sin. Tiwa o, tiwọn o, ọmọ ni gbogbo wọn. Irùngbọ̀n ò tíì hù lẹ́nu òmíràn. Ìbọn kọ́ ló pa òmíràn, kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ni, odò gbé e. Mo wá bẹ Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ kí n délé, ibi tí ọmọdé ti ń sáré tí ẹnikẹ́ni ò lé e ni kó jẹ́ kí n wà. Ohun tí mò ń ṣe ní Sátidé nìyẹn. Ọmọ alága ṣubú, ó dùn mí, mo bẹ̀bẹ̀. Àmọ́ ó wà láàyè."

Omi bọ́ lójú mi lórí fẹ́ǹsì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àṣé mi ò mọ àwọn onílé! Alága wúkọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Àmọ́ ayálégbé kì í dá sí ìpinnu níbí." Wọ́n wá fẹnu kò pé láti Sátidé tó ń bọ̀, géètì ò ní ṣí títí di aago mẹ́sàn-án, nígbà tí lẹ́sìnnì wa á ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó bá fẹ́ jáde á gba ilẹ̀kùn kékeré, àfi Bàbá Ṣọ́jà nìkan, bàbá mi á sì jókòó tì í kí àwọn àti ọmọdé má bàa yọ́ kọjá.

Sátidé dé, fèrè dún, a jáde. Bàbá mi ti gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré, wọn ò wo ojú mi. Kí ni géètì jẹ́ fún wa? Àwa tí a ń gungi! Àwọn kan ti dé òkè rẹ̀, èmi náà ti gùn ún dé ìdajì, mo wá bojú wẹ̀yìn. Bàbá Ṣọ́jà dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn tí kì í ká. Mo sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa la sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá Ṣọ́jà ní, "Ẹ padà sílé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ lọ sí lẹ́sìnnì yín." Ohùn wọn kéré. Mi ò gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu wọn rí, inú sì bí mi débi pé mo bọ́ fèrè lọ́rùn wọn, lọ́rùn àgbàlagbà, mo fọn ọ́n títí etí ara mi fi hó. Mo ní, "Ta ló ń padà sílé?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Láti géètì dé kànáàlì, láti kànáàlì dé géètì. Lẹ́ẹ́fì! Ráìtì! Orin tí a máa ń kọ létí odò, a kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Ajá ń gbó, ọmọ ọwọ́ ń ké, fèrèsé ń ṣí gbàà, gbàà. Ṣé ẹ rí i, tẹ́lẹ̀, à ń kó ariwo wa jáde láàárọ̀ ni, àwọn onílé ń sùn. Wọ́n wá tì í mọ́ ara wọn! Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Bàbá mi pariwo láti orí àga, "Ọmọ tó bá ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun o!" Mo ní, "Daddy, èmi ti jí ní tèmi."

Wọ́n nà mí lọ́jọ́ náà. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Ní Sátidé kejì mo tún jáde, àwa tí a jáde sì ti pọ̀ sí i, torí àwọn tí kì í tẹ̀ lé wa tẹ́lẹ̀ gbọ́ pé ìjà wà níbẹ̀. A ti ń yan bọ̀ láti kànáàlì nígbà tí mo rí ọmọ alága tó yọ jáde nílé wọn. POP tí wọ́n fi di egungun tó ṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, funfun báláú. Ó wọ ìlà. Òun ló pariwo jù nínú gbogbo wa.

Alága sáré jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó so aṣọ mọ́ ìdí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

Ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Géètì ni, Daddy."

Alága wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá kọjú sí bàbá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí nǹkan yìí."

Bàbá mi na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ó yá, ìwọ ọ̀gágun, lọ ṣí i." Wọ́n ń retí kí n kúnlẹ̀, kí n ní ẹ ṣeun, sà. Mo gbà á lóòró. Mi ò ṣí i. Mo gbé e lé Bàbá Ṣọ́jà lọ́wọ́, ẹni tí wọ́n ní kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ní ojú gbogbo onílé. Ó pẹ́ kí àgádágodo náà tó ṣí. Wọ́n di géètì mú títí gbogbo wa fi kọjá. Alága ní kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Dúpẹ́ kí ni? Mi ò dúpẹ́, mi ò sì tíì dúpẹ́ títí dòní.