Ẹ̀rọ Bàbá Mi Tó Ń Kú Láàárín Koríko

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ọwọ́ ẹ̀rọ tí bàbá mi fi ń gé koríko lọ, Odòde Ìdànrè níbí ni à ń gbé, lẹ́yìn pápá àdúrà ìjọ Aládùúrà wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lónìí kò mọ bí pápá yẹn ṣe rí. Ó tẹ́ rẹrẹ dé ẹsẹ̀ òkúta ńlá. Omi òjò a máa ṣàn láti orí òkúta náà wọ inú rẹ̀, nítorí náà koríko ibẹ̀ kò mọ ìsinmi. Bàbá mi ni ìjọ gbé iṣẹ́ gígé rẹ̀ fún. Ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń gé e, èyí tó ń mu bẹntiróòlù, tí a gbọ́dọ̀ fa okùn rẹ̀ dáadáa kó tó dáhùn. Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀rọ náà débi pé ìyá mi máa ń pè é ní orogún òun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi yọ̀ ṣubú lóko kòkó, ó sì fi apá ọ̀tún dá. Wọ́n fi igi dì í, ó wá jókòó sílé bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Koríko kò bá a kẹ́dùn o, ńṣe ló ń ga sí i. Ìpàgọ́ ìjọ sì ti sún mọ́lé. Àwọn èèyàn yóò wá láti Ọ̀wẹnà àti ibi gbogbo, gbogbo wọn ni yóò sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí pápá náà, torí àwa kì í wọ bàtà níbi àdúrà. Àfi bí paramọ́lẹ̀ ṣe ṣán obìnrin kan tó ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá lọ pọn omi. Ọlọ́run dá a sí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí odó.

Alàgbà ìjọ kan wá bá bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Arákùnrin, a ò lè kó ọmọ ọlọ́mọ sínú igbó ejò. Ìkórè kòkó la wà yìí, gbogbo ọkùnrin ló wà lóko, a ò rí ẹni tó máa fi àdá ṣán an. Bí pápá kò bá mọ́ di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, a ó gbé ìpàgọ́ lọ sí Àtòsin."

 Apá rẹ̀ ni bàbá mi ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà, ló kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì ránṣẹ́ sí Àtòsin. A ó gé e."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti àbúrò mi."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a gbé ẹ̀rọ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fa okùn títí, ó jí. Inú wa dùn. A kò tíì gé ibi tó fẹ̀ tó ẹní mẹ́ta nígbà tó wúkọ́, tó sì kú. A fi í sílẹ̀ díẹ̀, a tún fà á, ó jí, ó tún kú. Bàbá mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ní kí a yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò. A yọ ọ́, a nù ún, a rí i pé ó ń ta iná.

Ó ní, "Ó dáa. Kì í ṣe iná ló ń ṣe é. Epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá tọ ọ̀nà epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fo ibì kankan."

Bí ìyá mi ṣe gbọ́ pé a fẹ́ tú epo, ó da omi pa iná tó fi ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀.

A rọ epo inú táǹkì sínú ìgò funfun kan. Nígbà tó tòrò, omi wà nísàlẹ̀, bẹntiróòlù léfòó lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pààlà hàn kedere. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ṣubú ni kẹ́ẹ̀gì epo ti wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, tí òjò ń wọ̀ ọ́. A da gbogbo rẹ̀ nù, a nu táǹkì gbẹ, mo sì sáré lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ìdílé Mùsùlùmí tó ń ta epo ní oríta. Ẹ̀gbọ́n mi rọ ọ́ kún, ó dé e pa, ó fa okùn. Ẹ̀rọ jí, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún kú.

Mo bú sẹ́kún. Oòrùn ti mú. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti lé roro nítorí okùn. Ìyá mi ní kí a fi í sílẹ̀ ká wá jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Màámi, ẹ bá wa dé oúnjẹ mọ́lẹ̀. Bí mo bá dìde báyìí, mi ò ní padà."

Ó fa rọ́bà epo kúrò lẹ́nu kabúrétọ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti ń mu epo, ó ní kí n fi abọ́ gba epo náà. Epo kọ́kọ́ ń ṣàn dáadáa. Nígbà tó yá, ó tín-ín-rín, ó ń kán tó, tó, tó, ó sì dúró. Bẹ́ẹ̀ táǹkì kún. Ó fẹnu fẹ́ rọ́bà, kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀. Ó wá ṣí ìdérí táǹkì láti wò bóyá ewé ló dí i nínú. Bó ṣe ṣí i, táǹkì fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tó mí kanlẹ̀, epo sì tú jáde lẹ́nu rọ́bà, ó ta sí mi lẹ́sẹ̀. A wo ara wa. Ó dé e padà, nígbà tó yá, epo dúró. Ó ṣí i, epo ṣàn.

Mo ní, "Bí agolo mílíìkì ni. Tí a bá lu ihò kan ṣoṣo, kì í jáde."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti ṣubú. Ó ní, "Ẹ wo orí ìdérí yẹn. Ihò kan yẹ kó wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé."

Ihò náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ti dí i pa nígbà tí ẹ̀rọ wà láìṣiṣẹ́. Ìyá mi fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi sì fẹnu fẹ́ ẹ títí afẹ́fẹ́ fi ń gba ibẹ̀ kọjá. A so rọ́bà padà, a nu epo tó dà sílẹ̀, a sún ẹ̀rọ kúrò níbẹ̀, a fa okùn.

Kò kú mọ́. Ìyá mi ṣáájú, ó ń fi ọ̀pá na koríko kí ejò lè sá. Ẹ̀gbọ́n mi ń ti ẹ̀rọ, èmi ń kó koríko. Nígbà tí a dé ìdí òkúta, paramọ́lẹ̀ kan rọra wọ́ wọ pàlàpálá òkúta lọ, ṣùgbọ́n ìyá mi kò dúró. Òjò wẹliwẹli ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a gé ìlà tó kẹ́yìn. Alàgbà dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó rìn ín láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì padà wá bá wa.

Ó ní, "Ibí la ó ti pàgọ́."

Apá bàbá mi san, ṣùgbọ́n kò gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ títí ó fi relé ọkọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì sí èyí tó pọ̀ jù nínú pápá yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé ẹ̀rọ ìgékoríko kọ́ èjìká, wọ́n sì ń wo àtúnṣe rẹ̀ lórí fóònù. Mi ò bá fóònù jà, ó mọ ohun púpọ̀ tí àwa kò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohun díẹ̀ ló kù tí ẹ ń jókòó tì. Bí nǹkan bá ti kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ní ká ra òmíràn. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ amúnáwá kú nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀wẹnà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àga wá fún òun sí ìdí ẹ̀rọ náà.