Ohun Tí A Ṣe sí Fọláṣadé Lọ́jọ́ Ìwọ́de

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ sábà máa ń ní kí n sọ bí a ṣe ṣẹ́gun ní Àkúrẹ́. Ọdún tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí kòkó sá ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Oǹdó, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Bọ́lọ́rundúró.

Ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan ló wá. Wọ́n ní àwọn yóò la títì ọlọ́dà láti oko wa dé èbúté, kí kòkó wa lè máa wọ ọkọ̀ ojú omi láìgba ọwọ́ alágbàtà. Ta ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀? Inú ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ wa máa ń rì sí títí kòkó yóò fi bu. Ṣùgbọ́n owó tí wọn yóò yá ìjọba wa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Bí a kò bá rí i san, títì náà àti ilẹ̀ tó yí i ká di tiwọn títí dé ìgbà ọmọ ọmọ wa.

Báwo la ṣe mọ̀? Fọláṣadé ló sọ fún wa. Ọmọ àdúgbò Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ náà ló gbà á láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Nípàdé kan, lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, títì yìí dára o. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn máa fi ilẹ̀ yín ṣe bí gbèsè bá wọ́ ìjọba lọ́rùn.”

Lọ́jọ́ tí a wọ́de lọ sí Àkúrẹ́ láti ní kí ìjọba má gba owó náà, ó jáde wá bá wa lẹ́nu géètì ilé ìjọba. Ó ní kí a má lé títì náà lọ, àdéhùn tó sàn ni kí a máa jà fún. Alága ẹgbẹ́ wa gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Ṣé ẹ rí ẹni tó ń tà wá?”

Ẹnì kan já gèlè rẹ̀ gbà. Òmíràn bu ẹrẹ̀ gọ́tà dà sí i lójú. Mo pariwo: “Ẹ fi í sílẹ̀! Òun ló là wá lójú!” Wọ́n tì mí ṣubú. Àwọn tí mo kọ́ ní kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi dìde, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè la ojú, ó ń táràrà wá bàtà rẹ̀ kan. Alága dá orin, wọ́n sì gbè é.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi ní àwọn kò ṣe mọ́. Àwọn ènìyàn wa jó ní Bọ́lọ́rundúró. Mo ní kí ẹgbẹ́ lọ bẹ ọmọ náà.

Alága ní, “Tíṣà, ṣé ẹ ti gbọ́ pé aṣẹ́gun tọrọ àforíjì rí?”

Èmi àti ìyàwó mi nìkan la lọ. Ìyá Fọláṣadé fún wa níjòókòó, ó bu omi fún wa. A ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà ní yàrá, kò jáde. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dìde, Tíṣà. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti lé e, wọ́n ní ẹ̀yin ló ń bá ṣe. Ẹ̀yin náà ní ó tà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí ó wá lọ?”

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́. Títí dòní, bí mo bá gba Ìsìkàn kọjá, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ilẹ̀ wa ṣì wà lọ́wọ́ wa, n kò sì kábàámọ̀ pé a kọ gbèsè yẹn. Ṣùgbọ́n kòkó ṣì ń bu lójú ọ̀nà, iye tó bá wu alágbàtà ló fi ń rà á. Lóṣù tó kọjá, àwọn mìíràn tún ti òkèèrè dé pẹ̀lú àdéhùn títì. Alága bi wá léèrè ẹni tí yóò bá wa túmọ̀ rẹ̀, tí kò sì ní fi òótọ́ pa mọ́ fún wa.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ ní Ìsìkàn.”

Kò sẹ́ni tó gbé orí sókè.