Ohun Tí A Kà Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó di ìdí tẹ̀mọ́mítà mọ́wọ́, tó ní òun ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, inú a máa bí mi.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, nílé ìwé girama kan ní Ṣakí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi, láti Ìgbòho ló ti wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló sì ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Bí tíṣà bá ṣe àṣìṣe lójú pátákó, òun ló máa kọ́kọ́ rí i, á sì fi ìgúnpá gún mi. Èmi tí mo lẹ́nu ni mo máa ń sọ ọ́ síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ká lọ wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ó kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é. Ó ní ká má fọwọ́ kan ìdí tẹ̀mọ́mítà, níbi tí omi rẹ̀ tó dà bíi fàdákà wà. Ó ní ká so ó rọ̀ síbi tí oòrùn kò ti ní pa á, ká dúró títí omi náà kò fi ní lọ sókè tàbí sódò mọ́, ká wá bẹ̀rẹ̀ kí ojú wa bá a dọ́gba ká tó kà á. Ó kọ́ wa dáadáa. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Tẹ̀mọ́mítà méjì péré ló wà. Àwọn ọmọkùnrin gba ọ̀kan. Bí mo ṣe nawọ́ sí èkejì, tíṣà fà á sẹ́yìn.

“Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yin máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó fọ́ ọ ni.”

“A ò ní fọ́ ọ, sà. A gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ.”

Ó nà án sí mi bí ẹni tó ń fún ọmọdé ní abẹ.

Ọ̀rẹ́ mi tú òwú dúdú kan nínú irun rẹ̀, òun la fi so tẹ̀mọ́mítà mọ́ ẹ̀ka igi. A sún sẹ́yìn kí èémí wa má bàa kàn án. Omi inú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ọwọ́ tíṣà ló ti wá. A dúró títí ó fi dúró. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, ó kà á: mọ́kàndínlógún. Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo kà á: mọ́kàndínlógún.

Àwọn ọmọkùnrin ńkọ́? Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ẹni tó mú tẹ̀mọ́mítà wọn dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń sáré kiri pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí aago lù, wọ́n wò ó fìrí, wọ́n kọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Nígbà tí a wọlé, tíṣà kọ tiwọn sójú pátákó. Ó fi bírò pupa fa igi gbọọrọ lé tiwa lórí nínú ìwé wa.

“Mọ́kàndínlógún? Ìlú òyìnbó lẹ ti lọ wọ̀n ọ́n ni?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọyẹ́ ló mú, sà,” ni mo wí. “Ẹ wo ọwọ́ wa bó ṣe funfun. Ẹ̀yin fúnra yín wọ súwẹ́tà.”

Ẹ̀rín náà tún sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rín mọ́. Ojú tíṣà yí padà.

“Èmi lò ń dá lóhùn? Jáde! Lọ kúnlẹ̀ síta!”

Orí yangí ni mo kúnlẹ̀ sí. Kò pẹ́, mo rí ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kúnlẹ̀ tì mí.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á,” ni gbogbo ohun tó sọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ti bá wa. A ro ẹjọ́ wa. Ó pe tíṣà jáde, ó ní kó kó tẹ̀mọ́mítà méjèèjì wá, ká so wọ́n mọ́ ẹ̀ka kan náà. A dúró. Nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì fi hàn. Ó fi díẹ̀ ga ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ tàwọn ọmọkùnrin rárá.

“Ẹ rí i, sà, ó ti yàtọ̀ sí tàwọn ọmọbìnrin yìí,” ni tíṣà wí. “Oòrùn ti yí i padà.”

“Oòrùn ti mú báyìí, síbẹ̀ kò tó ohun tí o kọ sójú pátákó,” ni ọ̀gá dá a lóhùn. “Àbí oòrùn a máa mú ibòòji tutù?”

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn tẹ̀mọ́mítà kúrò lára ẹ̀ka. Inú mi ti ń dùn, mo rò pé ẹjọ́ ti parí. Ni ọ̀gá bá kọjú sí wa: “Ẹ dìde, ẹ padà sí kíláàsì. Ẹ má sì bá tíṣà yín jiyàn mọ́.”

Ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó pa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rẹ́ lójú pátákó. Àwọn ọmọkùnrin gba máàkì wọn, àwa gba òdo.

Nígbà tí táàmù parí, ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òun ò ṣe sáyẹ́ǹsì mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo tún bínú sí i.

“Mo kà á re, wọ́n ní mi ò kà á re,” ló wí. “Kí ni kí n tún wá ṣe?”

Ó lọ. Èmi dúró, ìbínú ló sì dá mi dúró, kì í ṣe ìfẹ́. Nígbà tó yá ni ìfẹ́ dé, tí mo fi di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìsẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo bá tíṣà yẹn pàdé níbi ìkómọ kan ní Ṣakí. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ó fà mí lọ́wọ́, ó ń fi mí han àwọn èèyàn: “Ọmọ mi nìyí o! Èmi ni mo kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì!”

Mo bi í bóyá ó rántí ọmọbìnrin kejì.

“Èwo nìyẹn?”

Mo sọ ìlú rẹ̀ fún un, mo ṣàpèjúwe bó ṣe rí. Ó mi orí pé òun ò rántí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tètè kúrò níwájú rẹ̀, kí n má bàa sọ ohun tí a kì í sọ níbi ìkómọ.