Ẹ̀rí Ìyá Yẹ́misí Lábẹ́ Igi Dóńgóyárò

Ta ló wo Olúwayẹ́misí sàn? Mo ti gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí, n kò tíì rí ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ èmi ni akọ̀wé ìjọ, ohùn mi ló sì ròkè jù lọ́jọ́ tí a kígbe Halelúyà lé ìwòsàn náà lórí.

Ará Ìkirè ni Ẹfúnkẹ́, ìyá ọmọ náà. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ló gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Sàǹgó Ọ̀tà, ẹ̀yìn ògiri ilé-iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì gba yàrá sí. Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, wọ́n dá ọkọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó gba ọ̀nà Ìdìrókò lọ wáṣẹ́, a ò tún gbúròó rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́, èéfín ilé-iṣẹ́ ò bọ́. Bí o bá sá aṣọ funfun láàárọ̀, tòun teérú ni wàá ká a. Yẹ́misí ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń súfèé bíi kẹ́tùlù orí iná, oògùn sì ti di ohun tí à ń fojú wò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ilẹ̀ kan wà níwájú ilé wọn tí gbogbo àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí, igi dóńgóyárò wà níbẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹfúnkẹ́ ṣàkíyèsí pé bí òun bá tẹ́ ẹní fún ọmọ lábẹ́ wọn, ó ń mí dáadáa. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí kó ìdọ̀tí.

Nùrẹ́nì tó ń lẹ táyà létí títì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìyá Yẹ́misí, ṣé gómìnà ń bọ̀ wá kí yín ni?”

“Afẹ́fẹ́ ni mò ń retí. Gbé ṣọ́bìrì wá, yé fẹnu gbálẹ̀!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ṣọ́bìrì wá.

Nígbà tó yá, koríko tútù bo ibẹ̀. Àwọn àgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú ń rìn yí i po láàárọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ń ta ayò níbẹ̀ dípò kí wọ́n jókòó sílé máa bá ìyàwó jà. Ìjọ wa náà ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, torí yàrá tí a ń lò gbóná bí ààrò. A gbọ́wọ́ lé Yẹ́misí lórí. Ikọ́ náà lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ẹfúnkẹ́ jó jáde wá jẹ́rìí. “Ilẹ̀ yẹn ni Ọlọ́run ti dá mi lóhùn o!”

Ní ìjọ tiwa, a kì í fi ibi tí Ọlọ́run bá ti dáhùn sílẹ̀ lásán. À ń kọ́lé àdúrà síbẹ̀ ni. Lójú ẹsẹ̀, Bàbá Dúrójaiyé, olórí wa, dìde, ó ní a ti rí ilẹ̀ tí Olúwa yàn. Àwọn onílẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ìjọ fi gígé igi sí ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní sìmẹ́ǹtì ni a ó fi bo ìyókù.

Ẹfúnkẹ́ sáré lọ kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí igi wà.”

“Igi ló gbọ́ àdúrà ni, àbí Ọlọ́run?”

Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo rántí ìgbà òjò, kí ikọ́ náà tó lọ, tí Yẹ́misí kò lè jáde kúrò ní yàrá. A gbàdúrà fún un nínú yàrá yẹn, àdúrà kan náà, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ṣì ń súfèé. Ṣùgbọ́n ta ló dá igi? Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló fi igi wòsàn, kí ni à ń gé? Bí kì í bá sì ṣe Òun, kí ni mo ń kígbe sí? Kí Ó dárí jì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Furaidé, Ẹfúnkẹ́ pọn ọmọ wá sílé mi. Kò jókòó.

“Bùrọ̀dá Akọ̀wé, ẹ bá mi gba ẹ̀rí mi padà lọ́wọ́ ìjọ.”

“Ṣé irọ́ lẹ pa ni?”

“Òótọ́ ni mo sọ. Òótọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi gé igi. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní èṣù ló ń lò mí. Ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí àáké tó dé lọ́la, ẹ bá mi dìde, kí ẹ sọ pé Ọlọ́run ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀.”