Fíríìjì Tábà Ìyá Àgbà

Ìdí ni ìyá bàbá mi fi ń ti ilẹ̀kùn fíríìjì rẹ̀. Bí a bá ti gbọ́ ọ tó dún gbì ní ìyẹ̀wù, a mọ̀ pé ó ti mú tábà tí yóò fà láàárọ̀.

Bàbá mi ló gbé fíríìjì náà wá sí Ṣakí láti Èkó, nígbà tí iná kò tíì dé àdúgbò wa. Ìyá àgbà yọ àwọn irin inú rẹ̀, ó fi wọ́n yan ẹja. Ó to àpáàdì tó ti rẹ sómi sísàlẹ̀, ó kó ewé tábà lé e kí ó má baà gbẹ. Ọyẹ́ tó ń sọ tábà àwọn ẹlòmíì di lẹ́búlẹ́bú kò rí tirẹ̀ gbé ṣe, torí rọ́bà etí ilẹ̀kùn náà dì pinpin.

Iléyá ọdún tí iná dé, bàbá mi kó àlejò wálé, ó ki wáyà fíríìjì bọ iná.

"Ìyá, ẹ kó tábà yìí kúrò. Omi tútù ni àwọn èèyàn mi fẹ́ mu."

"Àmù ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Fíríìjì kì í ṣe àpótí tábà."

"Ta lo rà á fún?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó fa wáyà náà yọ lára ògiri, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé tábà, ó gé wáyà ọ̀hún kúrò nídìí fíríìjì lójú àwọn àlejò.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí i tó ń fi wáyà náà di ìdì tábà.

"Bàbá rẹ mọ nǹkan í rà," ló wí, ó sì fìdí ti ilẹ̀kùn.