Oyinadé àti Ìṣaasùn Ìdílé Dàwódù

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, tí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkejà lé Oyinadé àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù kúrò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ sí Dópẹ̀mú, wọ́n ń ta ọṣẹ àti mílíìkì alágolo. Oyinadé náà ń ta búrẹ́dì láàárọ̀ kí ilé má bàa dá páropáro. Ṣùgbọ́n bó bá ti di Sátidé, á wọ bùbá tó mọ́, á gba Agége lọ ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wá ṣe. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ifàkò fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí. "Ìyá Olúṣínà, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tún yá o!" Á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí ayé bá ti lé èèyàn kúrò níbi tó ti ń jẹun, ṣé kò tún gbọdọ̀ wá ibi tí inú rẹ̀ ti máa dùn ni?

Músíọ̀mù ni iṣẹ́ ọ̀hún wà, kì í sì í ṣe ti ìjọba. Tíṣà Tẹ́júọlá, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló ṣa àwọn ohun àtijọ́ jọ sínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àgbà kan tí ìdílé Dàwódù fi sílẹ̀ fún un láti máa lò. Níbẹ̀, wọn kì í sọ fún àlejò pé kó má fọwọ́ kan nǹkan. Oyinadé á ní kó jókòó, á tẹ́ aṣọ lé e nítan, á gbé ọkọ́ oko obì tàbí wàláà kéwú lé orí aṣọ náà, á wá béèrè pé, "Kí lọwọ́ yín ń sọ fún yín?" Ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wọlé bí ẹni tó wá sanwó iná á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé bàbá wọn.

Nínú gbogbo ẹrù ilé náà, ìṣaasùn kan ló ń já Oyinadé láyà jù. Òun ni ìyá Alhaji Kàsúmù Dàwódù fi ń se ọbẹ̀ fún àwọn alágbàṣe oko obì. Ó ti sán nígbà kan rí, àtè ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá gbé e láìfarabalẹ̀, àpáàdì ló máa kó nílẹ̀.

Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà fagi lé ìbò ni wàhálà wọ ilé. Lukman, àkọ́bí Alhaji, fẹ́ fi ilé náà háyà fún àwọn tó máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Alhaji kọ̀, òun sì ni olórí ìdílé. Lukman wá ń sọ kiri pé ara bàbá àwọn kò gbé e mọ́, pé kí ìdílé yan ẹlòmíràn tí yóò máa mójú tó ohun ìní wọn. Gbogbo ìdílé fi ìpàdé sí músíọ̀mù ní ọ̀sán Sátidé kan, kí Alhaji wá sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yí síbòmíràn, Tíṣà yóò kó ẹrù rẹ̀ síta, Oyinadé kò sì ní ní Sátidé mọ́. Ẹ̀rù ń bà á, kò fi pa mọ́.

Alhaji wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sábẹ́ agbádá. Oyinadé kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní àga.

"Mi ò wá jókòó," ni Alhaji wí.

Lukman bọ́ síwájú. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí á torí ìkòkò fi ilé sílẹ̀ fún Tíṣà. Ó dáa, ẹ bá wa gbé ìkòkò Ìyá Àgbà sókè, kí gbogbo wa rí i."

Alhaji yọ ọwọ́ jáde, ó nà án sí Oyinadé. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Oyinadé nìkan ló sún mọ́ ọn débi tó fi lè rí i.

Bí Oyinadé bá ní kí Alhaji jókòó dandan, kó gba ìṣaasùn sórí itan lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ti rí olórí ìdílé fín. Bó bá sì gbé ìṣaasùn lé e lọ́wọ́, yóò fọ́, ohun tí Lukman ń sọ á sì di òótọ́ lójú gbogbo wọn. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí.

Oyinadé gbé ìṣaasùn, ó tún kúnlẹ̀, ó gbé e lé Alhaji lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ tirẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé ọwọ́ bàbá náà ró láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ó sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Níbí, ẹnìkan kì í dá ìṣaasùn gbé. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó fún un, àwọn méjèèjì ló jọ máa ń gbé e. Àṣà ibí nìyẹn."

Irọ́ funfun báláú ni. Tíṣà Tẹ́júọlá wò ó, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé.

"Màdáàmù, ẹ fi í sílẹ̀ fún Bàbá!" Lukman jágbe mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Bó bá kan ẹ̀yin náà, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa gbé e."

Gbígbọ̀n ọwọ́ Alhaji ń wọ inú ọwọ́ Oyinadé, ìṣaasùn ń mì díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ ọwọ́ mọ́ ọn sí i. Alhaji tẹrí ba bí ẹni tó ń wo ìdí ìkòkò.

"Má fi mí sílẹ̀ o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo wà níbí, sà."

Ìgbà náà ni Alhaji gbé orí sókè. "Gbogbo ìdílé, ṣé ẹ rí i? Ohun tó bọ́ wa nìyí. Bí mo bá ṣì wà láyé, kò sẹ́ni tó máa sọ ilé yìí di ṣọ́ọ̀bù."

"A ti gbọ́ o, Bàbá," ni wọ́n dáhùn. Àwọn méjèèjì jọ gbé ìṣaasùn kalẹ̀ sórí tábìlì, ọwọ́ Alhaji sì padà sábẹ́ agbádá.

Nígbà tí àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀, Lukman dúró sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Láti ìgbà ààwẹ̀ lọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Èmi ni mò ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu."

Inú bí Oyinadé débi pé ó gbàgbé pé ọmọ onílé lòun ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ń bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n wá gbé ìkòkò lójú ayé?"

Láti ìsàlẹ̀, bàbá Lukman ń pè é pé kó wá bá òun ṣílẹ̀kùn mọ́tò.